Yorùbá Kọ́ Ni Ó Ń Ba Gẹ̀ẹ́sì Wa Jẹ́

Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilẹ̀ wa, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi ni èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá rẹ̀ yóò ní Yorùbá ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ yóò ní Yorùbá ni ó fi ń ronú tí ó fi ń kọ ìkọkúkọ. Ọmọ náà pàápàá yóò gbà bẹ́ẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tijú èdè rẹ̀. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ Ìbàràpá kí n tó fẹ̀yìn tì sí Tápà kò fara mọ́ èrò yìí rárá. Èrò tèmi ni pé ọmọ tí ó bá ṣàkíyèsí bí Yorùbá ṣe ń yan ọ̀rọ̀-ìṣe fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò mọ èyí tí yóò yàn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ìtumọ̀ wọn súnmọ́ ara wọn, irú bí 'borrow' àti 'lend', 'see' àti 'look', 'steal' àti 'rob', ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń yẹ̀ jù.

N kò lè gbàgbé lẹ́tà kan tí mo kọ ní ọdún 1984, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Owó ìdánwò mi kò tíì pé. Ọdún náà kò san bàbá mi, iṣu rẹ̀ kò ta. Ó ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Ìbàdàn, kí ó yá wa ní ogójì náírà, a óò dá a padà bí a bá ti ta ẹ̀gúsí. Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì, mo sì fẹ́ kí ó mọ̀ pé èmi náà ti ń di ọ̀mọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. Mo ní: 'My father wants to lend you forty naira before the end of this month.'

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi! Bàbá mi ń wá owó, èmi kọ ọ́ pé bàbá mi fẹ́ fi owó ran ènìyàn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá èsì padà tayọ̀tayọ̀. Ó dúpẹ́ gidigidi, ó gbàdúrà fún bàbá mi, ó ní kí a fi owó náà rán awakọ̀ kan tí ó ń ná Èrúwà sí Ìbàdàn. Nígbà tí èsì yìí fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ku ọjọ́ mẹ́rin péré kí wọ́n kógbá owó ìdánwò sílé. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ni ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ fi Yorùbá tún ohun tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì bà jẹ́ ṣe.

Nígbà tí olùkọ́ wa gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá sọ fún gbogbo kíláàsì pé Yorùbá ni ó kó bá mi, nítorí pé 'yá' kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún 'borrow' àti 'lend'. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Èmi náà di olùkọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tèmi fún ọdún pípẹ́ kí n tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo 'yá' fínnífínní. 'Ògúndélé yá Àlàbí ní ọkọ́.' Ta ni ó ni ọkọ́? Ògúndélé ni. 'Ògúndélé yá ọkọ́ lọ́wọ́ Àlàbí.' Ta ni ó ni ọkọ́? Àlàbí ni. Kò sí ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà tí yóò ṣi èyí gbọ́. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni a lò, ṣùgbọ́n 'ní' àti 'lọ́wọ́' ti pààlà sí i. Ibi tí Yorùbá bá ti sọ pé 'yá nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan', 'borrow' ni Gẹ̀ẹ́sì yóò lò, 'from' yóò sì tẹ̀lé e. Ibi tí Yorùbá bá ti sọ pé 'yá ẹnì kan ní nǹkan', 'lend' ni. Ohun tí bàbá mi sọ ni pé 'kí ó yá wa ní ogójì náírà'. Bí mo bá ti tẹ̀lé e ní ẹsẹẹsẹ, 'Please lend us forty naira' ni n bá kọ. Yorùbá bàbá mi ti là á sílẹ̀ kedere. Èmi ni mo fi sílẹ̀, tí mo sáré lọ mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ tún rí i pé ọ̀nà kan náà yìí ni 'kọ́' ń gbà. 'Ìyá àgbà kọ́ mi ní òwe': 'teach' nìyẹn. 'Mo kọ́ òwe lọ́dọ̀ ìyá àgbà': 'learn' nìyẹn. Ẹni tí ó bá ti mọ ti 'yá' kò tún ní máa kọ 'He learnt me Mathematics' mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'rán mi létí' àti 'mo rántí' jìnnà sí ara wọn ní Yorùbá, síbẹ̀ àìmọye ọmọ ni ó ń kọ 'Remember me to buy chalk' níbi tí ó yẹ kí ó kọ 'Remind me'. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, Yorùbá kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ méjì ni òun náà ní.

Àwọn kan lè sọ pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ tó. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mi dé oko ní Tápà nígbà ìkórè. Yóò rí i pé iṣu ni a ń wà, ẹ̀gẹ́ ni a ń fà, àgbàdo ni a ń ya, ata ni a ń já, ọsàn ni a sì ń ká. Gẹ̀ẹ́sì lè fi 'harvest' kan ṣoṣo kó gbogbo wọn. Ní ilé, aṣọ ni a ń wọ̀, fìlà ni a ń dé, gèlè ni a ń wé, ìró ni a ń ró. 'Wear' ni Gẹ̀ẹ́sì yóò pe gbogbo rẹ̀. Bí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó fọ́. Igi ṣẹ́, okùn já. 'Break' lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Ta ni ó kọ́ ọmọdé pé kò gbọdọ̀ sọ pé 'okùn fọ́'? Kò sí olùkọ́ kan tí ó fi pátákó kọ́ ọ. Ó ń gbọ́ 'já' pẹ̀lú okùn, ó ń gbọ́ 'fọ́' pẹ̀lú àwo, títí ó fi mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bá rìn. Ọmọ tí ó lè yan ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ márùn-ún fún ìkórè láìronú, ta ni yóò sọ pé kò ní ọgbọ́n tí yóò fi yan ọ̀kan nínú 'see' àti 'look'? Ọgbọ́n náà wà lára rẹ̀. Ohun tí ó kù ni kí ó gbé e dé inú Gẹ̀ẹ́sì.

Bí a bá fẹ́ gbé e débẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ara rẹ̀. Ìbéèrè kìíní ni pé: ọ̀dọ̀ ta ni nǹkan ti kúrò, ọ̀dọ̀ ta ni ó sì ń lọ? Ìyẹn ni a fi yanjú 'borrow' àti 'lend', 'learn' àti 'teach'. Òun náà ni ti 'bring' àti 'take'. 'Mú ìwé yẹn wá' ni 'bring', 'mú ìwé yìí lọ fún ọ̀gá' ni 'take'. 'Wá' àti 'lọ' tí Yorùbá fi kún un ti fi ọ̀nà hàn wá.

Ìbéèrè kejì ni pé: kí ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe náà? Nínú Yorùbá, nǹkan ni a ń jí, ènìyàn ni a ń jà lólè. 'Wọ́n jí owó ìyá alátà', ṣùgbọ́n 'wọ́n ja ìyá alátà lólè'. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe pín in: owó ni a ń 'steal', ìyá alátà ni a ń 'rob'. Ọmọ kan kọ ọ́ nínú àròkọ rẹ̀ fún mi nígbà kan pé 'Thieves stole my father on his way from the market'. Ọkàn mi fò sókè, mo rò pé wọ́n ti jí bàbá ọmọ náà gbé lọ. Mo ránṣẹ́ pè é kíákíá. Ó ní rárá o, bàbá òun wà nílé, owó àgbàdo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù, ife ni a ń gbà, ẹgbẹ́ kejì ni a ń nà. Nítorí náà, 'We won the cup' dára, 'We beat them' náà dára, ṣùgbọ́n 'We won them' tí ó kún inú ìwé àwọn ọmọ wa kò bá Gẹ̀ẹ́sì mu, kò sì bá Yorùbá mu.

Ibí yìí ni àwọn tí ń dá Yorùbá lẹ́bi yóò ti nàgà mú 'gbọ́'. Wọn yóò ní ṣebí Yorùbá ni ó sọ pé a ń 'gbọ́ òórùn', tí ọmọ fi kọ 'I heard the smell of fish'. Òótọ́ ni wọ́n sọ, n kò sì ní jà á níyàn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì yìí kan náà ni yóò gba ọmọ náà là. Kí ni àbọ̀ 'gbọ́'? Bí ó bá jẹ́ òórùn, 'smell' ni. Bí ó bá jẹ́ ohùn tàbí ìró, 'hear' ni. Bí ó bá jẹ́ èdè, 'understand' ni. Bí ó bá jẹ́ ìkìlọ̀ òbí, 'obey' tàbí 'heed' ni. Ohun tí ó ń da ọmọ láàmú ni pé ó há 'gbọ́' àti 'hear' sórí bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Àwa tí a bímọ tí a sì dàgbà sí ẹ̀bá Ìgbò-Ọrà, ìlú tí òkìkí ìbejì rẹ̀ kàn káàkiri ayé, mọ̀ pé ìbejì pàápàá kì í ní ìwà kan náà.

Ìbéèrè kẹta ni pé: ṣé olùwà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nǹkan náà ni, tàbí ó kàn dé bá a? 'Mo wo inú àpò mi, n kò rí kọ́bọ̀.' Mo mọ̀ọ́mọ̀ wò ó, ìyẹn ni 'look'. Rírí kò sí ní ọwọ́ mi, ìyẹn ni 'see' tàbí 'find'. 'Mo fetí sí i, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohun tí ó sọ': 'listen' ni ti àkọ́kọ́, 'hear' ni ti èkejì. Ẹni tí ó jókòó ti rédíò ń mọ̀ọ́mọ̀ fetí sí i ni, nítorí náà 'listen to the radio' ni yóò kọ. Ti 'watch' ńkọ́? Ohun tí ó ń lọ lọ́wọ́ ni a ń 'watch': eégún tí ń jó, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá. Àwòrán tí a gbé kọ́ ara ògiri kò kúrò lójú kan, nítorí náà 'look at' ni tirẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òdodo pé Yorùbá kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbi gbogbo. 'Sọ fún' ni àwa ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo 'say to' àti 'tell', kò sì sí àmì kankan nínú Yorùbá tí yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Níbẹ̀, àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí pé ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé 'tell' gbọnrangandan: 'He told me', kì í ṣe 'He told to me'. Bákan náà, 'wọ̀' lè ṣi ọmọ lọ́nà. 'Ó wọ ẹ̀wù funfun' túmọ̀ sí pé ẹ̀wù ti wà lọ́rùn rẹ̀: 'She is wearing a white dress'. Ṣùgbọ́n 'Ó ń wọ ẹ̀wù' túmọ̀ sí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki ọrùn bọ̀ ọ́: 'She is putting on a dress'. Ọmọ tí ó bá rò pé 'ń' Yorùbá àti '-ing' Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀kan náà nígbà gbogbo yóò ṣi í kọ. Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ 'ó wọ̀' àti 'ó ń wọ̀' ni yóò tètè yé pé ó yẹ kí Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìyàtọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Yorùbá dáadáa kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ìbéèrè kan wà láti béèrè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni mo fi ń gbèjà Yorùbá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọ Gẹ̀ẹ́sì í kọ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ kejì fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́ta yòókù bí a ti ń ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ títí dé òpin tayọ àwọn yòókù, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Síbẹ̀, awuyewuye kò tán. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn agbègbè tí wọ́n ti lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìjọba, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ mi sọ ní 1984 ni mo tún gbọ́ yìí.

Mo ní ẹ̀rí kan sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ìtìjú. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà. Èmi náà wà lára àwọn tí ń gbà á. Mo ń retí kí Gẹ̀ẹ́sì wọn dára sí i. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n dákẹ́. Wọn kò sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì sọ Yorùbá lójú wa mọ́. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀rọ̀ yàn?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àádọ́ta máàkì tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́wàá ni ti kókó ọ̀rọ̀, mẹ́wàá ni ti ètò rẹ̀, mẹ́wàá ni ti àkọtọ́ àti òfin gírámà, ṣùgbọ́n ogún ni ti ìlò èdè. Inú ogún yìí ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a yàn dáadáa tàbí tí a ṣì yàn ti ń jẹ. Ẹ ní ìwé kékeré kan. Ẹ má ṣe kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Odidi gbólóhùn ni kí ẹ máa kọ, Yorùbá ní apá òsì, Gẹ̀ẹ́sì ní apá ọ̀tún. Kí ẹ fa ìlà sí abẹ́ 'lọ́wọ́', 'ní', 'wá' àti 'lọ' ní apá òsì, kí ẹ sì wo ohun tí ó dúró fún wọn ní apá ọ̀tún. Bí ẹ bá ń ṣe márùn-ún lójúmọ́, ẹ óò ti ní àádọ́jọ kí oṣù kan tó pé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó fi ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀, tí ó lọ ń tọrọ aṣọ lóde, yóò wọ èyí tí kò bá a mu. Bàbá mi kò mọ 'borrow', kò mọ 'lend', ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tí ó ni owó àti ẹni tí ó ń wá a. Ká ní mo gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé kí n tó gbé kálàmù ni, ì bá má ná owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn.